Oyún ọ̀sẹ̀ 30, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 164/112: kí la máa ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ló sì yẹ kó wà níbi tí aboyún náà ń lọ?

Olùkọ̀wé_Ìlànà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìlànà la fẹ́ kọ mọ́ ara ògiri fún ilé ìwòsàn kékeré kan. Agbẹ̀bí wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, dókítà kan wà, sìlíńdà ọ́síjìn wà. Ṣùgbọ́n kò sí CPAP (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú ọmọ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má baà lẹ̀ pọ̀), kò sí incubator (àpótí tó ń mú ọmọ móoru), kò sì sí nọ́ọ̀sì tó lè jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo mọ́jú. Àpẹẹrẹ tí a mú nìyí: aboyún tí oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 30, ìfúnpá rẹ̀ 164/112, púrótéènì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì ń ríran bàìbàì. Kò tíì máa rọbí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Àwọn kan nínú wa ní kí a kọ́kọ́ bá a bí ọmọ náà níbí, kí a wá gbé ọmọ nìkan lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Àwọn oògùn wo ló gbọ́dọ̀ ti wọ ara ìyá kí ọkọ̀ tó gbéra? Ẹ̀kẹta ló ń dà mí láàmú jù: báwo la ṣe máa mọ̀ lórí tẹlifóònù pé ibi tí a ń gbé e lọ lè gba irú ọmọ yìí? Kò síbi tí a pè tí wọn kì í sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, a ní incubator."

Agbẹ̀bí_Alẹ́:

Ẹ má bá a bí i níbẹ̀, àfi tí orí ọmọ bá ti ń yọjú. Inú ìyá ni ọkọ̀ tó dáa jù tí ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 lè wọ̀. Níbẹ̀, òtútù kò lè mú un, ibi ọmọ ń bá a mí, ṣúgà ara rẹ̀ kò sì ní í tán lójijì. Tí ẹ bá ti bí i tán, gbogbo iṣẹ́ yẹn di tiyín lójú ọ̀nà, lórí ọmọ tó ṣeé ṣe kó má ju 1,300 tàbí 1,400 g lọ. Ti ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru tún sábà máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibi ọmọ kò bọ́ ọ kánú.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìkánjú gbé ìyá sọ́kọ̀ láìtọ́jú rẹ̀. Nǹkan méjì ló lè pa á lójú ọ̀nà: kí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, tàbí kí gìrì mú un. Ẹ bá méjèèjì wí kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìfúnpá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí nọ́ńbà òkè bá ti pé 160, tàbí ti ìsàlẹ̀ pé 110, pàjáwìrì ni. Ẹ fún un ní nifedipine 10 mg, irú èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Kó gbé e mì. Ẹ má fi sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, torí ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi 10 mg mìíràn kún un, ẹ má sì kọjá 30 mg lápapọ̀. Bó bá jẹ́ hydralazine lẹ ní, 5 mg sínú iṣan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó tún fún un. Labetalol náà dáa, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó ní ikọ́ fée.

Ẹ má lé 120/80 o! Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀. Bí ti òkè bá wà láàárín 140 sí 150, tí ti ìsàlẹ̀ wà láàárín 90 sí 100, ó ti tó. Ìfúnpá gíga ti mọ́ ibi ọmọ lára. Bí ẹ bá já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ á dín kù, ẹ ó sì gbọ́ tí ọkàn ọmọ ń lù lọ́ra.

Ó kan gìrì. Magnesium sulfate ni oògùn rẹ̀. Diazepam kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fa á, torí agbára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Tí wọ́n bá kọ 50% síbẹ̀, 1 g ló wà nínú 2 ml. Fún 4 g, ẹ fa 8 ml, ẹ fi omi abẹ́rẹ́ 12 ml là á, kó di 20 ml, kí ẹ sì tì í sínú iṣan díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ gún un ní 5 g, ìyẹn 10 ml tí a kò là, sínú ìdí kọ̀ọ̀kan, kó wọlé dáadáa. Ẹ fi lidocaine 2% 1 ml pò ó nínú síríǹjì kan náà, torí ó ń ta gan-an. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14 g. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ ìdí yìí ló bá ìrìn-àjò mu: kò nílò ẹ̀rọ tó ń ti oògùn, ó sì di wákàtí 4 kí 5 g mìíràn tó kàn. Ìyá á ní ara òun ń gbóná, ojú rẹ̀ á pọ́n. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ kó má baà jáyà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹlòmíì á ka 4 g, á sì fa 4 ml. Ìdajì ló fún un yẹn, gìrì á sì mú un lórí ìdúró. Ẹlòmíì á ti 50% gan-an sínú iṣan láìlà á, ìyẹn sì lè dá ọkàn dúró.

Kí ẹ tó fún un ní èyí tó kàn, ó gbọ́dọ̀ máa mí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta tí ẹ bá fi òòlù kékeré kan eékún rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 30 ml ní wákàtí kan (ẹ fi rọ́bà ìtọ̀ sí i kí ẹ lè mọ̀). Kíndìnrín ló ń kó magnesium jáde. Bí ìtọ̀ bá gbẹ, oògùn á máa gun ara wọn. Eékún ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ kí mímí tó dákẹ́, nítorí náà ẹ má fo eékún. Calcium gluconate 10%, 10 ml, gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ọkọ̀. Òun ló ń tú magnesium; inú iṣan ni, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má da omi sí i lára. 80 ml ní wákàtí kan, pẹ̀lú gbogbo oògùn tó ń gba iṣan wọlé, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀dọ̀fóró irú ìyá yìí máa ń tètè kún fómi. Ẹ má sì fún un ní furosemide (oògùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀) torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ló kù: dexamethasone 6 mg sínú ẹran ara, ní wákàtí 12 síra, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ìgò yín bá jẹ́ 4 mg nínú 1 ml, 1.5 ml nìyẹn. Ẹ gún àkọ́kọ́ kó tó wọ ọkọ̀, kí ẹ kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀.

Dókítà_ỌmọTuntun:

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí_Alẹ́ ti gbá ibi tó le jù. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró yẹn sí i, torí ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ló ń ṣì í.

Àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró nílò ohun kan tó ń jẹ́ surfactant, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ pọ̀ nígbà tí ọmọ bá mí síta. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ara ọmọ ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í tó títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 sí 35. Abẹ́rẹ́ yìí ló ń mú un yá. Liggins àti Howie, ní New Zealand, ló tẹ àbájáde rẹ̀ lára àwọn aboyún jáde ní 1972, síbẹ̀ a ṣì ń rí ìyá tí kò gbà á. Ó ń dín ìpọ́njú mímí kù, ó tún ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sínú ọpọlọ ọmọ kù.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára jù bí ọmọ bá wáyé láàárín wákàtí 24 sí ọjọ́ 7 lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé, "Á ti bí kílẹ̀ tó mọ́, kí la fẹ́ fún un fún?" Ẹ fún un, wákàtí díẹ̀ náà wúlò. Ẹ má sì sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, torí tí ó bá ti léra jù, ọmọ á kéré. Ọ̀sẹ̀ oyún gbọ́dọ̀ dájú, scan ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló sì ṣeé gbára lé jù. Bí ibà bá wà, tí omi tó ń jáde sì ń rùn, àkóràn ti wọ ilé ọmọ. Ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ yìí. Ṣúgà ìyá tó ní àtọ̀gbẹ máa ń ga fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n.

Bó bá dé ibi tó ń lọ, kì í ṣe dandan kí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Bí ìfúnpá bá gbọ́ràn, tí platelet (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì), ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kò bá bàjẹ́, tí ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, wọ́n lè ṣọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ 34. Bí gìrì bá dé, tàbí ibi ọmọ já, tàbí omi kún ẹ̀dọ̀fóró, tàbí platelet ń já wálẹ̀, kò sí ìdúró mọ́.

Ní ti tẹlifóònù: ẹ yé béèrè incubator. Àpótí tó gbóná lásán ni. Ẹ béèrè pé lóru òní, nọ́ọ̀sì mélòó ló wà, ọmọ mélòó ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó wà lórí CPAP tàbí ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí yẹ kó ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀, tàbí kí méjì pín ọ̀kan. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń gbàgbé láti mí. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì kan ti ń ṣọ́ ọmọ mẹ́wàá kò ní ojú tó máa fi ṣọ́ ọ, bó ti wù kí ẹ̀rọ ibẹ̀ dán tó. Caffeine citrate ni oògùn ìgbàgbé mímí yìí, 20 mg fún kílò kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 5 sí 10 mg fún kílò kan lójúmọ́. Ẹ béèrè bóyá ó wà ní ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá CPAP kan ṣófo báyìí, àti bóyá wọ́n lè po ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́. Èyí ni ìbéèrè tí mo kà sí jù. Ọ́síjìn ògidì ń ba ojú ọmọ tí kò gbó jẹ́: iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ kò tíì dàgbà tán, bí ọ́síjìn bá pọ̀ jù wọ́n á dáwọ́ ìdàgbà dúró, nígbà tó bá yá wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hù níhùkuhù títí wọ́n á fi fa awọ ẹ̀yìn ojú ya. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe fọ́jú láàárín ọdún 1940 sí 1955 nìyẹn, kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á. Òṣùwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń lé ni 90 sí 95% nígbà tí ọmọ bá ń gba ọ́síjìn. 99% lórí ọ́síjìn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ẹ dín in kù. (Bí ọmọ bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, 99% kò ní ìṣòro.) Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 30 gbọ́dọ̀ rí dókítà ojú ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn ìbí, ẹ béèrè ẹni tó máa ń wá wò wọ́n.

Surfactant nínú fìríìjì, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, yàrá iṣẹ́ abẹ tó ń ṣiṣẹ́ lóru: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn wọn.

Bí wọ́n bá dáhùn dáadáa, ohun tí ẹ ó retí ní wákàtí àkọ́kọ́ nìyí. Yàrá ìbímọ á móoru, ó kéré tán 25°C. Bí ọmọ bá ń mí, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó dí ìwọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ibi ọmọ lè wọlé sí i. Ọmọ tí kò tó ọ̀sẹ̀ 32, wọn kì í nù ún. Inú ọ̀rá mímọ́ ni wọ́n á kì í sí títí dé ọrùn pẹ̀lú omi ara rẹ̀, wọ́n á dé fìlà fún un, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń yá a. Ooru ara rẹ̀ nígbà tó bá dé wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà láàárín 36.5 sí 37.5°C. Bí ó bá nílò ọ́síjìn, láti 30% ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 100%. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, ọ́síjìn 60 sí 65% lásán ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó dá ṣáṣá pàápàá, ní ìṣẹ́jú karùn-ún ó di 80 sí 85%. Ẹni tí kò mọ èyí ló máa ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ gbàù.

Ẹlẹ́rọ_Ìwòsàn:

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ẹ̀rọ, torí ẹ̀rọ tó wà àti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

CPAP oníhóhò ló rọrùn jù. Afẹ́fẹ́ àti ọ́síjìn á wọ ẹ̀rọ tó ń po wọ́n, á gba inú omi gbígbóná kọjá kó lè ní ọ̀rinrin kó sì móoru tó 37°C, á dé imú ọmọ, rọ́bà kejì á sì kó o lọ sínú ìgò omi. Bí rọ́bà yẹn bá ṣe wọ omi jìn tó ni agbára rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 5 nínú omi jẹ́ 5 cmH₂O. 5 sí 6 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, 8 ni òpin fún ọ̀pọ̀. Omi gbọ́dọ̀ máa hó láìdáwọ́ dúró. Bí kò bá hó, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan: ẹ wo ihò imú (rọ́bà kéré jù), ẹ wo ẹnu ọmọ (ó là á sílẹ̀), ẹ wo oríkèé rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò ni òdìkejì rẹ̀: ìrì tó ń kán sínú ìgò máa ń jẹ́ kí omi rẹ̀ ga sí i láàárín òru, bẹ́ẹ̀ 6 á di 8 kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Omi tó bá kó jọ sínú rọ́bà tó ti imú wá náà ń gbé agbára sókè. Ẹ máa dà á nù, kí ẹ sì fi rọ́bà náà sí ìsàlẹ̀ ju orí ọmọ lọ.

Rọ́bà imú kò gbọ́dọ̀ fara kan ògiri àárín imú. Ẹ fi àlàfo bí 2 mm sílẹ̀, kí ẹ máa wò ó ní gbogbo wákàtí 4 ó pẹ́ tán. Ibi tó bá kọ́kọ́ funfun, á pọ́n, á sì jẹrà. CPAP tún ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn; rọ́bà tó gba ẹnu lọ sínú ikùn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gbabẹ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ikùn á wú, á sì ti ẹ̀dọ̀fóró.

Incubator: nǹkan méjì ló ń kó wàhálà bá ọmọ níbẹ̀. Ọ̀kan ni okùn tó ń ka ooru awọ. Bó bá já kúrò lára ọmọ, afẹ́fẹ́ ló ń kà. Ẹ̀rọ á rò pé òtútù ń mú ọmọ, á sì máa dáná kún un títí ọmọ á fi gbóná jù. Bí ọmọ bá sùn lé e lórí, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn lápá ibi tí ẹ̀dọ̀ wà, kí ẹ sì fi òṣùwọ̀n abẹ́ abíyá yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni omi inú rẹ̀. Omi tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni kó jẹ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kòkòrò Pseudomonas fẹ́ràn ibẹ̀ bí ilé.

Ní ti sìlíńdà yín: ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ mú iye lítà omi tí sìlíńdà lè gbà, ẹ fi nọ́ńbà bar tó wà lójú géèjì sọ ọ́ di púpọ̀. Sìlíńdà lítà 10 tó wà ní 100 bar ní lítà ọ́síjìn 1,000. Bí ìyá bá ń lo lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 200 nìyẹn, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20. Bí ìrìn-àjò bá jẹ́ wákàtí 2, ẹ ṣírò rẹ̀ bíi wákàtí 4; ọkọ̀ lè dúró.

Olùkọ̀wé_Ìlànà:

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti yọ ọ̀rọ̀ incubator kúrò nínú ìbéèrè wa. Ó ku ọ̀kan: bí ìrọbí bá yá ju ọkọ̀ lọ ńkọ́, tí ọmọ wáyé níbí tàbí lójú ọ̀nà? Wọ́n ní ìgbé-ọmọ-sáyà lè rọ́pò incubator, àmọ́ ìyá tó ń gba magnesium lè sùn lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbáyà:

Ó lè rọ́pò rẹ̀, ó sì dára ju incubator tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ lọ. Bogotá ní Colombia ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, torí incubator kò kárí. Ní 2021, àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn márùn-ún ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tanzania: àwọn ọmọ tó wọ̀n láti kílò 1 sí 1.799 tí wọ́n gbé sáyà ní kété tí wọ́n bí wọn, 12.0% ló kú láàárín ọjọ́ 28, nígbà tó jẹ́ 15.7% láàárín àwọn tí wọ́n dúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀. Láti 2022 ni WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ti ní kí a bẹ̀rẹ̀ láìdúró, wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́, àfi ọmọ tí kò lè dá mí tàbí tí ara rẹ̀ ti dẹnukọlẹ̀.

Kò pọn dandan kó jẹ́ àyà ìyá. Bí magnesium bá ń kun ìyá lóorun, ẹlòmíì nínú ẹbí tàbí nọ́ọ̀sì tó ń bá ọkọ̀ lọ lè ṣe é. Ọmọ á wà ní ìhòhò pẹ̀lú ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Àyà kan àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, orí rẹ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n á gbé sókè díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun má baà ká. Ẹ fi aṣọ dì wọ́n pọ̀ gírígírí, kí etí aṣọ dé abẹ́ etí ọmọ. Ẹni tó gbé e kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja. Kó fẹ̀yìn tì. Imú àti ètè ọmọ gbọ́dọ̀ hàn sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kó máa wò ó ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Bí àgbọ̀n ọmọ bá ti wọ àyà, ọ̀nà èémí rẹ̀ ti dí. Mo sọ èyí torí òun ló ń ṣẹlẹ̀ jù nínú ọkọ̀ tó ń gbọn èèyàn.

Bí ọmọ kò bá mí nígbà tó wáyé, ẹ kọ́kọ́ nà án sórí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ fi báàgì àti ìbòjú fẹ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa wo àyà. Bí àyà kò bá gbé, ìbòjú ń jò tàbí ọrùn ti tẹ̀ jù. Ẹ tún un tò kí ẹ tó ronú kan ohun mìíràn.

Lẹ́yìn ooru àti mímí, ṣúgà ló kàn. Ọmọ yìí kò ní ọ̀rá tó pamọ́. Bí òṣùwọ̀n bá wà nísàlẹ̀ 45 mg/dL, ẹ fún un ní dextrose 10%, 2 ml fún kílò kan, sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, 80 ml fún kílò kan ní ọjọ́ kìn-ín-ní: ọmọ kílò 1.4 á gba 112 ml ní wákàtí 24, tó jẹ́ nǹkan bí 5 ml ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ní okùn omi oníkán wẹ́wẹ́, èyí tí 60 kán jẹ́ 1 ml, kán 5 ní ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ kà á pẹ̀lú aago, ẹ má fojú wò ó. Vitamin K 0.5 mg sí itan fún ọmọ tí kò tó 1,500 g.

Bí iṣan kò bá ṣeé rí, omi ọmú àkọ́kọ́ ni, 1 sí 2 ml ní gbogbo wákàtí méjì, láti inú rọ́bà ikùn. Ẹ wọn rọ́bà náà láti imú dé etí, láti etí dé agbedeméjì egungun àyà àti ìdodo, kí ẹ sì rí i dájú pé inú ikùn ló wà kí ẹ tó da nǹkan sí i. Ẹ má fún un ní fídà. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, ọmọ kò tíì mọ bí a ṣe ń fà, gbé mì, kí a sì mí létòlétò. Ẹ̀dọ̀fóró ni wàrà á lọ. Wàrà ìyá ló sì ń dáàbò bo ìfun rẹ̀ jù lọ: àìsàn tí ìfun fi ń jẹrà máa ń mú ọmọ tó ń mu wàrà inú agolo ju ọmọ tó ń mu ti ìyá lọ.

Torí náà, ìyá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fún ọmú láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́, ó sàn kó jẹ́ wákàtí kìn-ín-ní, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá lójúmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fo òru. Ìṣàn díẹ̀ ló máa rí lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi síríǹjì 1 ml fà á, kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Magnesium, nifedipine àti labetalol kò ní kí ó má fún ọmọ lọ́mú.

Agbẹ̀bí_Alẹ́:

Kí n fi kún ti ìbímọ lójú ọ̀nà: oxytocin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà jù) 10 IU sínú ẹran ara ni kí ẹ fún ìyá yìí lẹ́yìn ọmọ. Ẹ má fún un ní ergometrine rárá, ó ń gbé ìfúnpá sókè ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò ọkọ̀ kí ọwọ́ má baà ṣì í mú.

Lẹ́tà tó bá a lọ, ẹ má kọ "a ti fún un ní magnesium" síbẹ̀. Ẹ kọ gíráàmù, ẹ kọ ibi tó gbà wọlé, ẹ kọ aago. Bákan náà ni ti dexamethasone, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí èkejì kàn. Ẹ kọ ìfúnpá àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, iye ìtọ̀, lílù ọkàn ọmọ, ọjọ́ scan àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ tó sọ, irú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àti orúkọ ẹni tó gba tẹlifóònù lọ́hùn-ún.

Bí ọmọ bá ti wọ wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ojú ń lọ, ìyá á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì láìsẹ́ni tó ń wọn ìfúnpá rẹ̀. Magnesium gbọ́dọ̀ máa lọ títí di wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn, ìfúnpá sì máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ń múra àtilọ sílé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín pé bó bá padà wá pẹ̀lú orí fífọ́ tàbí ojú bàìbàì láàárín ọ̀sẹ̀ 6, yàrá ìbímọ ni kó gbà lọ tààrà, kó má tò sórí ìlà. Bó bá tún lóyún, aspirin kékeré lálaalẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 12, kí ó má pẹ́ kọjá ọ̀sẹ̀ 16 kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.